Ta Ló Gbin Pèrègún Sórí Omi?

Àwòrán ilẹ̀ kan ló kó sí mi lórí. Mo ti lò tó oṣù kan nínú ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Lín, létí òkun ní erékùṣù Háínánì, ní ìsàlẹ̀ pátápátá orílẹ̀-èdè Ṣáínà, kí n tó ráyè wo ògiri tó wà lẹ́yìn tábìlì rẹ̀ dáadáa. Àwọ̀n ìpẹja àti okùn là ń tà. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa bá àwọn oníbàárà láti Kútọnu, Èkó àti Gánà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Lọ́jọ́ yẹn, oníbàárà kan ní kí n dúró díẹ̀, òun fẹ́ bi ìyàwó òun léèrè bí ojú àwọ̀n náà ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó. Bí mo ṣe ń dúró, mo gbójú sókè.

Ṣáínà wà lókè máàpù náà, ó rí bí àkùkọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn fúnra wọn ṣe máa ń sọ. Ṣùgbọ́n níbi tí ilẹ̀ ti tán, ẹnìkan ti fa ìlà sórí òkun, ìlà tó ń já, tó ń bẹ̀rẹ̀, tó tún ń já. Ó sọ̀kalẹ̀ lápá kan, ó yí po nísàlẹ̀, ó tún gòkè lápá kejì, bí ahọ́n màlúù tó yọ síta.

Ọmọ àgbẹ̀ Ìdèrè ni mí. Mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ààlà. Lọ́dọ̀ wa, pèrègún là ń gbìn sí ibi tí oko ẹnìkan ti pàdé ti ẹlòmíràn, nítorí pèrègún kì í kú, ẹni tó bá sì hú u, gbogbo abúlé á mọ̀. Mo bi ọ̀gá mi léèrè.

"Ọ̀gá, kí ni ìlà yìí?"

Kò gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀. "Òkun wa ni."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Ta ló fà á?"

Ìgbà yẹn ló tó wò mí. "Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Wọn ò tíì bí mi tó ti wà níbẹ̀."

Oníbàárà mi ti ń pariwo "Hẹ́lò! Hẹ́lò!" létí mi. Mo dá a lóhùn, mo sì kọ iye àwọ̀n tó fẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ọkàn mi ń bi ara rẹ̀ ni pé, ta ló gbin pèrègún sórí omi? Láti ọjọ́ náà ni òkun yẹn ti gbà mí lọ́kàn, kò sì tíì dá mi sílẹ̀.

Kí n tó kúrò nílé, odò Ọ̀fìkì ni omi tó tóbi jù tí mo mọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí òkun, ẹ̀rù ni ó bà mí, kì í ṣe ẹwà rẹ̀ ni mo rí. Mo rò pé omi tó ń ké báyìí kò lè dúró sí àyè rẹ̀. Aṣọ tí mo sá kì í gbẹ tán, iyọ̀ a sì máa wà lára ohun gbogbo, títí kan ojú ìwé tí mo fi ń kọ́ èdè wọn.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu jùyẹn lọ ni pé kò sí ẹni tó ń kí ènìyàn. Ní Ìdèrè, bí o bá jókòó, wọ́n á kí ọ kú ìjókòó. Bí o bá dìde, wọ́n á kí ọ kú ìrìn. Níbí, mo kí ìyá kan tó ń sá ẹja lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó bá bi mí pé kí ni mo fẹ́ rà. Mo ní n kò fẹ́ ra nǹkan kan. Ó sì wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Lóṣù Ràmàdánì àkọ́kọ́, mo máa ń dá jókòó sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù bí oòrùn bá wọ̀, n óò fi bàrà olómi ṣínu, n óò máa wo àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń wọlé. Ìnìkanwà kì í ṣe pé kò sí èèyàn lọ́dọ̀ rẹ. Òun ni pé kò sí ẹni tó máa béèrè ìdí rẹ̀ bí o kò bá jáde lónìí.

Ẹ̀gẹ́ ló gbà mí. Mo gun òkè tó wà lẹ́yìn ìlú lọ́jọ́ ìsinmi kan, mo bá rí ewé rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ewé oníka márùn-ún, méje, tí n kò lè ṣì mọ̀ láéláé. Mo dúró sójú kan, mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tó pàdé ará ilé. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń sè é jẹ ni, wọn ò mọ̀ pé ènìyàn lè yan án. Mo ra díẹ̀, mo fi ìṣó lu agolo kan káàkiri, ó di ohun tí mo fi rin ín. Mo dì í sínú àpò, mo gbé òkúta lé e títí omi rẹ̀ fi ro dànù tó sì kan, mo wá yan án nínú agbada irin tí wọ́n fi ń dín ẹ̀fọ́.

Òórùn náà ló mú bàbá Ọ̀gá Lín jáde. Bàbá náà ti darúgbó, apẹja ni nígbà èwe rẹ̀, òun àti ọmọ rẹ̀ ló sì ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ rí ju kó mi orí lọ. Ó bu gaàrí díẹ̀ sẹ́nu. Ó dijú.

"Ó kan."

"Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí, Bàbá. Ẹ da omi sí i, ẹ fi ṣúgà sí i."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó bi mí pé ọjọ́ mélòó ló lè lò kó tó bàjẹ́. Mo ní tí omi kò bá kàn án, á lo oṣù púpọ̀. Ó lu orí tábìlì gbàgà.

"Oúnjẹ ọkọ̀ ojú omi nìyí! Ìrẹsì là ń kó lọ sí agbami nígbà tiwa, ìrẹsì ń fẹ́ igi ìdáná, ó ń fẹ́ omi gbígbóná. Ẹ̀yin tí ẹ kò ní òkun lẹ wá ní oúnjẹ òkun. Ẹ fi ṣòfò!"

Ọjọ́ yẹn la di ọ̀rẹ́. Bí mo bá yan gaàrí, yóò sọ ìtàn òkun fún mi. Ó sọ bí bàbá òun ṣe kọ́ òun láti máa fi ìràwọ̀ àti àwọ̀ omi wá àwọn òkìtì àpáta tó sùn sínú agbami, níbi tí ìgbín òkun àti ẹran òkun aláìlégungun tó rí bí kùkúńbà, tí wọ́n ń jẹ, pọ̀ sí. Ó sọ pé ẹ̀gbọ́n bàbá òun kú sórí ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù kéékèèké náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. "Ibi tí ibojì baba rẹ wà," ó ní, "ṣé ẹlòmíràn ló ni ín?" N kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́dọ̀ wa náà, ibojì ni ẹlẹ́rìí tí kì í kú.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Lọ́dọọdún, nígbà tí ooru bá mú, ìjọba wọn máa ń fòfin de ìpẹja fún ìgbà díẹ̀ kí ẹja lè ráyè bí. Gbogbo ọkọ̀ á wá so mọ́lẹ̀, ṣọ́ọ̀bù á dákẹ́, èmi á sì máa ka ohun gbogbo tí mo bá rí lórí òkun náà. Mo wá mọ̀ pé omi kan ṣoṣo yìí, orúkọ mẹ́ta ló ń jẹ́. Ṣáínà ń pè é ní Òkun Gúúsù. Fiẹtináàmù ń pè é ní Òkun Ìlà-Oòrùn. Àwọn ará Fílípínì fi Ìwọ̀-Oòrùn sórúkọ tiwọn. Ibi tí oníkálukú dúró sí ló fi sọ ọ́ lórúkọ. Inú mi dùn bí ẹni tó rí owó he nígbà tí mo mọ èyí.

Mo tún mọ òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ fọwọ́ sí. Erékùṣù tí èèyàn lè máa gbé, tó sì lè bọ́ ara rẹ̀, ní ẹ̀tọ́ sí ohun tó wà nínú omi títí dé igba máìlì òkun. Àpáta tí kò lè bọ́ èèyàn, máìlì méjìlá péré. Èyí tí omi ń bò mọ́lẹ̀ bí òkun bá kún, tó sì dá wà láàrin agbami, kò ní nǹkan kan. Ẹ wá wo ohun tí Ṣáínà ṣe: wọ́n wa iyanrìn láti ìsàlẹ̀ òkun, wọ́n dà á lé irú òkìtì àpáta bẹ́ẹ̀ lórí, wọ́n kọ́ pápá ọkọ̀ òfurufú sórí rẹ̀. Kì í ṣe àwọn nìkan, Fiẹtináàmù náà ń da iyanrìn. Fílípínì gbé ẹjọ́ lọ bá àwọn adájọ́ àgbáyé, àwọn adájọ́ sì ní ìlà orí máàpù ọ̀gá mi kò ní ẹsẹ̀ nínú òfin. Ṣáínà ní òun kò lọ síbẹ̀, òun kò sì gba ìdájọ́ náà.

Kí n má purọ́, mo rò pé n óò rí ìgbéraga lójú àwọn tí mo ń bá gbé. N kò rí i. Ohun tí mo rí ni pé wọn kò gbà pé àwọn ń gba ohun ẹlòmíràn rárá. Lójú wọn, wọ́n ń padà sílé ni. Bí Ọ̀gá Lín bá ń ṣàlàyé rẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í le. "Ohun tí ẹ ò mọ̀ nìyí," á ní. "Nígbà tí a ṣe aláìlera, gbogbo aládùúgbò wá ń mú lára ohun tiwa. A ò lè sọ̀rọ̀. Ní báyìí a ti lágbára, a kàn ń tún ilé wa ṣe, wọ́n ní à ń fa wàhálà." Ó tún sọ fún mi pé àgbà kan nínú ìjọba wọn nígbà kan rí ti dábàá pé kí wọ́n pa ìjà tì, kí gbogbo wọn jọ máa jẹ nínú òkun náà. Mo ní ìyẹn dára. Ó ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ gbà pé tiwa ni."

Mo tún ti wá ní oníbàárà kan ní Fílípínì, obìnrin tó ń tún àwọ̀n tà fáwọn apẹja abúlé rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo bi í bí àwọ̀n tí a fi ránṣẹ́ ṣe rí.

"Àwọ̀n yín dára," ó ní. "Sọ fún ọ̀gá rẹ pé ó dára gan-an. Kó o tún sọ fún un pé ọkọ mi ò tíì ráyè jù ú sómi. Bó bá ti jáde, ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ òkun funfun ńlá yín á ní kó padà sílé."

Mo jẹ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ fún Ọ̀gá Lín. N kò jẹ́ ìkejì. Oṣù náà ni ọ̀rọ̀ ilé dé.

Ilẹ̀ kan wà láàrin oko bàbá mi olóògbé àti oko Bàbá Múfú, aládùúgbò wa. Odò kékeré kan kọjá lára rẹ̀, igi irúgbá sì pọ̀ níbẹ̀. Bàbá mi ní tiwa ni títí dé ìkọjá odò. Bàbá Múfú ní ti bàbá òun ni títí dé ìhín odò. Nítorí bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ohun kan ni àwọn méjèèjì kò ṣe: wọn kò gbin igi síbẹ̀. Ẹni tó bá gbin ẹ̀gẹ́ tàbí àgbàdo, ó jẹun ọdún kan lásán. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbin igi tó ń wà pẹ́, irú kaṣú, ó ti sọ pé òun ló ni ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í jẹ́ kí àtìpó gbin igi sórí ilẹ̀ tí a yá a. Ìyá mi àti Ìyá Múfú ló jọ máa ń ká irú níbẹ̀, wọn kì í béèrè èwo ni ti ta.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń rí ilẹ̀ láti ojú sánmọ̀ lórí fóònù, oko wa ni mo kọ́kọ́ wá. Mo rí odò, mo rí orí igi irúgbá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ayọ̀ ni mo fi fa ìlà pupa yí ilẹ̀ wa ká bí bàbá mi ṣe máa ń sọ ọ́, mo sì fi í ránṣẹ́ sí Ràímì, àbúrò mi ọkùnrin, pé kó wá wo bí ìmọ̀ ṣe dé.

Àṣé Ràímì ti mú un lọ sí Èrúwà. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde lórí ike ńlá, bí èyí tí wọ́n fi ń kéde ìsìnkú, ó sì gbé e kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé wa. Ìyá mi ló pè mí. Ọ̀sán ni lọ́dọ̀ mi. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ lọ́dọ̀ wọn ni.

"Àbúrò rẹ ti ní kí wọ́n kó ọmọ kaṣú wá láti Èrúwà," ó ní. "Àwọn ọmọ Bàbá Múfú ní bí ẹyọ kan bá wọ ilẹ̀, àdá ni àwọn ó fi hú u, bí ọwọ́ èèyàn bá wà níbẹ̀, ó di wàhálà rẹ̀. Ìyá Múfú ò yà ọ́dọ̀ mi mọ́. Ó ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sódò."

Mo ní kó gbé fóònù fún Ràímì.

"Àǹtí mi, ẹ má dá Màámi lóhùn," Ràímì ní. "Ẹ̀yin náà lẹ fa ìlà náà. Gbogbo Ìdèrè ló ti rí i. Mo sọ fún wọn pé Àǹtí mi ló fi ẹ̀rọ Ṣáínà wọ̀n ọ́n."

"Mi ò wọn nǹkan kan, Ràímì. Ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá wa ni mo yà."

"Ṣé bàbá wa purọ́ ni? Ẹ gbọ́, nígbà tí a ò ní nǹkan, wọ́n ń ká irú wa, a ò lè sọ̀rọ̀. Ní báyìí Ọlọ́run ti gbọ́ tiwa. Ẹ̀yin ń bẹ lókè òkun, èmi ń háyà katakata. Ilẹ̀ wa la fẹ́ tún ṣe, wọ́n ní à ń fa wàhálà! Ẹ ṣáà ní kí n gbìn ín. Bí ẹ bá ní kí n gbìn ín, ó parí."

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí, ní èdè mìíràn, láti ẹnu ọkùnrin tó jókòó níwájú mi tó ń po tíì.

Mo ní kí Ràímì fún mi ní ọjọ́ méjì. Nígbà tí mo pa fóònù, mo yíjú sí Ọ̀gá Lín. Bàbá rẹ̀ wà lórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi dá ẹjọ́ kan."

Mo sọ ti ìdílé méjì, ilẹ̀ kan, àti igi tí a kì í gbìn. Mo ní ọ̀kan ti wá lówó ju ìkejì lọ, ó sì fẹ́ gbin igi. N kò sọ èwo ni tèmi.

Ó fẹ́ràn kí wọ́n fi òun ṣe adájọ́. Ó gbé ife tíì kalẹ̀. "Kò dára. Kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó sọ̀rọ̀. Bí igi bá ti ta gbòǹgbò, ta ló kù tí yóò fẹ́ sọ̀rọ̀?"

"Ó ní bàbá òun ló kọ́kọ́ dá oko níbẹ̀."

"Ẹnìkejì ò ní bàbá ni?"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu bàbá arúgbó, ó rín títí ó fi wúkọ́. Ojú rẹ̀ wà lára ògiri, lára máàpù. Ọ̀gá Lín tẹ̀lé ojú bàbá rẹ̀.

"Tiwa yàtọ̀," ó ní nígbẹ̀yìn.

"Ti gbogbo ayé ló yàtọ̀," bàbá rẹ̀ dá a lóhùn. "Ibojì wa wà níbẹ̀, mi ò ní sọ pé kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n a máa ń pàdé ọkọ̀ Fiẹtináàmù nígbà yẹn. A ó fún wọn ní ìrẹsì, wọ́n á fún wa ní omi mímu. Kò sẹ́ni tó bèèrè omi ta là ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀."

Ọ̀gá Lín kò yí èrò rẹ̀ padà. N kò sì retí pé kó yí i padà. Òkun kì í ṣe tèmi láti pín. Ṣùgbọ́n mo ti la ẹnu láti sọ fún un pé tiwa náà yàtọ̀, ipa odò náà ti yí padà, bàbá mi kì í purọ́. Mo pa ẹnu dé. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra ju ohun tí mo lè gbé mì lọ. Ìlà tí ẹnìkan dá fà, ọ̀rọ̀ ẹnìkan ni, bó ti wù kí àwọ̀ rẹ̀ pupa tó.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, lẹ́yìn ìrun, Ìyá mi bẹ Bàbá Múfú kó wá sí ilé wa. Wọ́n gbé fóònù sórí àpótí, wọ́n ṣí i kí gbogbo wọn lè gbọ́ mi. Mo kí Bàbá Múfú, mo béèrè ara Ìyá Múfú.

"Ara ń bẹ, Ará Ṣáínà," ó ní. "A rí ike rẹ lẹ́nu ọ̀nà. O ṣàánú wa, ìkọjá odò ni ìlà rẹ parí sí. Èmi rò pé wàá gbé ilé mi náà sínú rẹ̀."

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí Ràímì yọ ike yẹn kúrò. Èmi ni mo yà á, èmi ni mo sì ní kò tọ́. Ibi tí bàbá wa sọ ni mo fa ìlà sí, n kò fa ibi tí ẹ̀yin sọ. Ọmọ kaṣú kò ní wọ ilẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ ká jọ gbin ẹ̀gúsí síbẹ̀, ìdílé méjèèjì, ká jọ pín in dọ́gba."

Ràímì kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. "Mo gbà, Àǹtí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ gbà pé tiwa ni, ká wá jọ gbìn ín."

"Ràímì," Bàbá Múfú ní, "bí mo bá gbà pé tìrẹ ni, kí ni mo tún ń jọ gbìn? Ṣé mo ti di lébìrà rẹ nìyẹn? Elélòó lo fẹ́ máa san fún mi?"

Mo gbọ́ tí ìyá mi ń rín. Mo ní, "Kí ẹnikẹ́ni má sọ ti ta ni. Kì í ṣe lọ́dún yìí."

Bàbá Múfú ṣe hùn-ùn. "Ọ̀rọ̀ yìí kò tán o. Bí èmi bá kú, àwọn ọmọ wa á tún jà á."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n yó ná, kí wọ́n tó jà á, Bàbá."

Ohùn Bàbá Múfú ni mo tún gbọ́, ó ń bi Ràímì bóyá katakata tó ń háyà lè wọ ibẹ̀ láìpa igi irúgbá lára. Ràímì ní ó lè wọ ibẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n ó dáhùn. Oko ẹ̀yìn ilé tí kò ní àríyànjiyàn ni Ràímì wá gbin kaṣú náà sí.

Ní Ìdèrè, wọ́n ti ń pè mí ní Ará Ṣáínà. Níbí, ọmọ Áfíríkà ni mí. Ó máa ń dùn mí tẹ́lẹ̀, bí ẹni pé wọ́n tì mí sí ìta ìlà níhà méjèèjì. Kò dùn mí mọ́. Ẹni tó dúró ní ìta ìlà máa ń rí ìhà méjèèjì rẹ̀, ó sì lè bá tọ̀tún tòsì sọ̀rọ̀. Ìyá tó ń sá ẹja ti ń kí mi báyìí kí n tó kí i. Mo mọ òkun yìí ju ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n bí sẹ́bàá rẹ̀ lọ, mo sì tún ń kọ́ sí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ràímì pè mí láti etí odò. Mo ń gbọ́ omi tó ń dún, mo ń gbọ́ àwọn obìnrin tó ń fọ ẹ̀gúsí jíjẹrà, Ìyá Múfú ń sọ fún ìyá mi pé ọwọ́ rẹ̀ ti di ọwọ́ ará ìlú ńlá, kò mọ ẹ̀gúsí fọ̀ mọ́. Ràímì ní wọ́n ti sá apá tó kọ́kọ́ gbẹ, wọ́n sì ti dì í sínú àpò.

"Àpò mélòó?" mo béèrè.

"Mẹ́rìnlá, Àǹtí," ó ní. "Méje wà nílé wa. Méje wà nílé Bàbá Múfú."